Lẹ́tà Tí Mo Gé Kúrò Lórí Ilé Kan ní Adó-Èkìtì

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni pé àárọ̀ kùtù ni àwọn ará Èkìtì ti ń jẹ iyán? Lóòótọ́ ni. Mo bá wọn jẹ ẹ́, mo sì yó. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó bi mí léèrè ohun tí ọwọ́ mi ṣe lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ torí iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ṣe lọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo ba nǹkan kan jẹ́ ní Adó. Òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni mo fi bà á jẹ́, orin ni mo sì ń kọ lẹ́nu nígbà tí mò ń bà á jẹ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Òdòdó sìmẹ́ńtì, ewé àjàrà, orí òpó, ojú fèrèsé tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, gbogbo ọ̀ṣọ́ tí àwọn Àgùdà gbé ti òkè òkun dé tí wọ́n fi ṣe ojú ilé wọn níhìn-ín, òun ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Àwa tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀ mọ́. Nígbà tí ìyàwó mi kú, àwọn ọmọ mi ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n sinmi. Wọn kò mọ̀ pé ìsinmi nínú ilé tí èèyàn ń dá gbé, ìyà ni. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan pè mí láti Àbújá pé òun rí àwòrán iṣẹ́ mi, pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá ìyá òun kọ́ sí Adó-Èkìtì ti ń já bọ́ ní wẹ́wẹ́, pé ìyá òun fẹ́ rí ojú ilé náà kó pé kí òun tó wá mú un lọ sí Àbújá, n kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní mò ń bọ̀.

Ọ̀nà

Nípa mọ́tò àti ẹnubodè, n kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti gba Ṣẹ̀mẹ̀ kọjá rí, ó ti mọ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbà á, kó má gbà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé lẹ́yìn Iléṣà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Àwa ọmọ etí ọ̀sà, ibi tí omi tẹ́ sí ni ojú wa mọ̀. Níbẹ̀, òkúta ni ẹ óò máa rí, òkúta dúdú tó ga ju mọ́ṣáláṣí àgbà wa lọ, tí omi òjò ń ṣàn lára rẹ̀, tí àwọn èèyàn sì kọ́lé sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń sùn láìbẹ̀rù.

Èdè náà ń yí padà bí ilẹ̀ ṣe ń ga. Ní Ìbàdàn, gbogbo ohun tí àwọn tó wà nínú mọ́tò ń sọ ni mo gbọ́. Ní Iléṣà, mo gbọ́ ìdajì. Nígbà tí a kọjá Ìgèdè tí a dé Ìyìn, àwọn ìyá méjì tó jókòó tì mí ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé Yorùbá ni. Mo mọ ibi tí ohùn ti ń lọ sókè àti ibi tó ti ń bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ni n kò mọ̀. Ẹni tó bá wà láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ rárá, ara rẹ̀ á balẹ̀, á mọ̀ pé àjèjì ni òun. Ṣùgbọ́n kí èèyàn jẹ́ àjèjì nínú èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ìyẹn burú. Mo kọjú sí fèrèsé títí a fi wọ Adó.

Àjàṣẹ́ wo?

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Adébáyọ̀ ni mo ti bọ́ sílẹ̀, láàárín ariwo ìsọ̀ àti mọ́tò. Ọlọ́kadà tó gbé mi bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀.

"Àjàṣẹ́," mo dá a lóhùn.

"Àjàṣẹ́-Ìpo! Ará ibẹ̀ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀nà Ọmù-Àrán lo gbà wá?"

"Rárá o. Àjàṣẹ́ ti etí ọ̀sà."

"Ọ̀sà wo ló wà ní Ìpo?"

Mo ní Àjàṣẹ́ tèmi ń bẹ ní ìkọjá Ṣẹ̀mẹ̀, ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó gbé mi dé ẹ̀yìn Ọjà Ọba. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àgànyìn ni ọ́ nígbà yẹn," ó ní, "bẹ́ẹ̀ o gbọ́ Yorùbá dáadáa."

Gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Adó, ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo jẹ́ fún wọn: ará Ìpo tàbí Àgànyìn. Mo ṣàlàyé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ó rẹ̀ mí, mo gbà pé ará Ìpo ni mí. Wọ́n á ní kí n bá àwọn kí Ìpo, èmi náà á ní Ìpo á gbọ́.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ọlọ́yàyà ni wọ́n. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á kí iṣẹ́ rẹ, wọ́n á kí àkàbà tí o dúró lé. Ohun kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ọmọdé á gbójú sókè wò mí lórí àkàbà, á ní, "O kú uṣẹ́ o." O! Èmi tí irùngbọ̀n mi ti funfun! Àlàájì Ráúfù, káfíńtà tó yá mi ní pákó tí mo ń dúró lé, ló là mí lọ́yẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

"Tí o bá ń gbàdúrà, kí lo ń pe Ọlọ́run?" ó bi mí. "Ṣé 'ẹ' ni àbí 'ìwọ'?"

Mo ní ìwọ ni.

"Ìwọ wá ju Ọlọ́run lọ?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹnì kan ni ọ́. Níbí, ẹnì kan, 'o' là ń pè é."

Láti ọjọ́ náà, inú kò bí mi mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí ní "ẹ" ní gbogbo Adó, òun sì ni ẹni tí mo wá ṣiṣẹ́ fún.

Kìnnìún tó ń rẹ́rìn-ín

Ọjọ́ tí mo dé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa láti kékeré, mo ní, "Ẹ kúulé o!" Ohùn àgbàlagbà obìnrin kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún pé, "Ẹ káàbọ̀ o!" Màmá Dọ́káàsì jáde sí mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ òwú kọ́ ọrùn. Ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rin ọdún. Tíṣà ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló kọ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló pè mí láti Àbújá. Yàrá kan nísàlẹ̀ ni ó ń gbé. Gbogbo yàrá òkè wà ní títì, eruku ló ń gbé ibẹ̀.

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó mú mi jáde sí títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí ojú ilé náà bí ẹni tó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ilé láti ìgbà èwe mi, n kò rí irú rẹ̀ rí. Fèrèsé ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣe ṣóńṣó lórí, gíláàsì aláwọ̀ pupa àti búlúù sì wà nínú rẹ̀. Èjìká òkè jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí, òrùlé róbótó kékeré méjì jókòó síbẹ̀ bíi fìlà. Ojú rẹ̀ jẹ́ ti Àgùdà, pẹ̀lú òpó róbótó mẹ́fà tí òdòdó wé lórí. Bí ẹ bá sì gba àárín rẹ̀ kọjá dé àgbàlá ẹ̀yìn, òpó igi ọlọ́nà ni ẹ óò bá níbẹ̀, ẹlẹ́ṣin gbígbẹ́ tó ru òrùlé, bí irú èyí tó máa ń wà láàfin.

Màmá ní bàbá òun kò mọ̀wé. Kòkó ló ń tà. Ó bá kòkó dé Èkó lẹ́ẹ̀kan, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, ó sì rí ilé àwọn Àgùdà. Kò ya á, kò sì wọ̀n ọ́n. Ojú lásán ló fi gbé e wálé. Nígbà tí kòkó wá ṣe dáadáa, ó kó àwọn tó rí jọ, ó ń ṣàpèjúwe fún wọn. Birikìlà tó rí jẹ́ ará Ìlọrin, mọ́ṣáláṣí ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Káfíńtà jẹ́ ọmọ ìjọ, fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ni tirẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ó sọ fún wọn pé èso kan máa ń rọ̀ dirodiro lára òpó àwọn Àgùdà, kò sẹ́ni tó mọ èso àjàrà rí, torí náà wọ́n fi kòkó síbẹ̀. Mo sún mọ́ òpó náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Kòkó ni, ó là sí méjì, ẹ lè ka hóró inú rẹ̀.

"Kìnnìún ń kọ́?" mo bi í. Kìnnìún méjì ló jókòó sí orí ilé náà. Ara wọn jẹ́ ti ajá, ẹnu wọn jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ dídùn fún.

"Ara agolo bisikíìtì ni wọ́n ti wò ó," Màmá dáhùn. "Bàbá mi ní èyí tó wà lára agolo ti le jù, kí wọ́n jẹ́ kó rẹ́rìn-ín sí àlejò."

Mo yí ojú ká. Ilé tó yí i ká jẹ́ búlọ́ọ̀kù àti páànù tuntun, gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá kan. Òun nìkan ló dá dúró láàárín wọn. Kò jọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò, èmi náà kò jọ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lókè pátápátá, láàárín àwọn kìnnìún náà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ ọ̀rọ̀ kan ní lẹ́tà gàdàgbà. Èéfín àti èérí omi òjò ti bò ó, n kò lè kà á tán láti ilẹ̀. Mo ní tí mo bá gun òkè màá kà á.

Uyán

Ìyá kan láti ojúlé kejì ló ń gúnyán fún wa. Uyán ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe iṣu ní uṣu, tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ẹnu lásán ni, pé tí wọ́n bá mú gègé, wọ́n á kọ ọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́.

Iyán náà funfun, ó fà, kò ní kókó kan. Ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àárò ẹja ọ̀sà ń sọ mí bí àìsàn, ṣùgbọ́n n kò sọ. Wọ́n á gbé abọ́ tèmi wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, wọ́n á gbé ti Màmá wọ yàrá fún un. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Mo máa ń gbọ́ tí ó bá ń ṣan ọwọ́ nínú omi, bóyá òun náà máa ń gbọ́ tèmi. Ó máa ń ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," èmi á ní, "Ẹ ṣé, Màmá," ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà á sì tán. Mo ti dá jẹun ní Àjàṣẹ́ títí ó ti sú mi. N kò mọ̀ pé mo lè rìn jìnnà tó báyìí kí n tún wá máa dá jẹun.

Mo wá ń wá ohun tí mo lè ṣe tí obìnrin náà yóò fi jókòó bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló fa ohun tí mo bà jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wọn lọ ṣe ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta ní Ìkẹ́rẹ́, Màmá bá wọn lọ. Mo ti tún gbogbo òdòdó ṣe, mo ti dá imú àwọn kìnnìún padà, ó ku ọ̀rọ̀ orí ilé. Mo gun òkè, mo fọ èéfín kúrò, mo sì kà á: ULE LABO SIMI OKO.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wa la mọ òwe náà, pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko, pé ibi yòówù kí ẹsẹ̀ rìn dé, ilé náà ni yóò padà sí. Ṣùgbọ́n U ni wọ́n gbé síwájú! Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti tún irú rẹ̀ ṣe níhìn-ín lọ́pọ̀ ìgbà, birikìlà tí kò mọ̀wé tó kọ lẹ́tà sódì. Mo wá ro ti Màmá. Tíṣà! Ó ti gbé abẹ́ àṣìṣe yìí láti kékeré, gbogbo ọmọ tó kọ́ á máa kà á lókè orí rẹ̀. Ìtìjú náà á ti pọ̀. Mo ní ẹ̀bùn nìyí. Kó tó dé, màá ti mú un kúrò.

Sìmẹ́ńtì àtijọ́ le. Mo lo ìdajì ọjọ́ kí n tó gé U náà tán, mo kó àfọ́kù rẹ̀ dà sí ẹ̀bá gọ́tà. Mo fi I sípò rẹ̀. I tó dára ni, mo fi ewé kòkó kan sí i nídìí. Àlàájì Ráúfù kò sí nítòsí, ó ń kan òrùlé ní Ìyìn, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni bọ́ọ̀sì ìjọ já Màmá sílẹ̀. Mo dúró ní títì, mo na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń fi ìyàwó hàn. Ó wo òkè. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó gbé e sójú padà.

"Ta ló ní kí ẹ ṣe é?"

"Màmá, àṣìṣe ni mo rí i pé..."

"Ulé ni!" Ohùn rẹ̀ yí padà, ó bọ́ sí ti ìlú rẹ̀. "Ulé ni bàbá mi kọ! Ìwọ, ta ni ọ́ tí o fi gé e?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó máa pè mí ní "o" nìyẹn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé iyán wá, abọ́ tirẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀ ní dídé, kò mú un. Èmi náà kò lè jẹ tèmi. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí, àárò ìyàwó mi sì ń sọ mí. Òun ni ì bá sọ fún mi pé, "Bàbá Sàká, bèèrè ná."

Ní àárọ̀, Àlàájì Ráúfù wá wo pákó rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ará Ìpo," ó ní, "o ti pa wá."

Síléètì

Mo di ẹrù mi. N kò lè lọ láìdágbére, nítorí náà mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo ní, "Ẹ kúulé, Màmá."

Mo ti yí ẹ̀yìn padà kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ kúulé, Màmá. Mo wá tọrọ àforíjì."

"Tún un wí."

"Mo wá tọrọ..."

"Rárá. Ti ìṣáájú."

"Ẹ kúulé."

Ó ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú. "Kí ni wọ́n ń pe ibi tí èèyàn ń sùn ní Àjàṣẹ́ yín?"

"Ilé ni, Màmá."

"Kí ló dé tí o kò fi ní 'ẹ kú ilé'? Níbo lo ti rí ulé tí o fi ń kí mi?"

Mo tún un wí jẹ́jẹ́: ẹ kúulé. Ẹ̀yin ará mi, ẹ wí i lẹ́nu yín kí ẹ gbọ́. Ẹnu ọ̀nà tí mo ti kí i láyé mi kò lóǹkà, n kò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ rí.

"Gbogbo Yorùbá ló ń sọ ulé lẹ́nu ọ̀nà," Màmá wí. "Àwa nìkan là ń sọ ọ́ dé inú yàrá."

Ó jókòó, ó ní kí n jókòó. Ó wá sọ fún mi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé nígbà tí wọ́n ń parí ilé náà. Bàbá òun pe òun sórí pákó lókè, ó di òun mú kí òun má baà ṣubú, ó ní, "Kọ ọ́ fún mi. Ulé làbọ̀ simi oko." Òun sì kọ ọ́ sórí síléètì bí ó ṣe bọ́ lẹ́nu bàbá òun. Birikìlà Ìlọrin náà fẹ́ bá a ṣe é, bàbá kọ̀. Ó ń wo síléètì ọmọ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ilé náà, èyí nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Lẹ́yìn náà ni tíṣà mi nà mí ní ilé ìwé. Ó ní ilé ni, kì í ṣe ulé, pé ará oko ní ń sọ ulé. Mo sunkún wálé, mo bẹ bàbá mi pé kó tún un ṣe. Ó ní, 'Tíṣà rẹ ló ni ilé. Tèmi, ulé ni.'" Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi náà wá di tíṣà. Gbogbo ọmọ tó bá kọ ulé sínú ìwé, mo fi yíǹkì pupa fa igi lé e. Títí mo fi fẹ̀yìntì. Bí mo bá dé láti ilé ìwé, màá gbójú sókè, màá ní, ó ku ọ̀kan tí ọwọ́ mi kò tó. Inú mi sì máa ń dùn pé kò tó o."

Ọwọ́ tèmi ti tó o.

"Wọ́n ń bọ̀ wá mú mi lọ Àbújá," ó ní. "Àwọn ọmọ-ọmọ mi kò gbọ́ ulé, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ilé. Mo fẹ́ kó wà lókè níbẹ̀ tí mi ò bá sí níbí mọ́."

Ìdajì

Èmi àti Àlàájì Ráúfù fi ọwọ́ jọ ẹ̀bá gọ́tà bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Òjò kan ti rọ̀ lé e. A rí ìdí U náà, a rí apá ọ̀tún rẹ̀, ó kán sí méjì. Apá òsì, omi ti gbé e lọ.

Màmá ní kí n di òun mú, ó gun àtẹ̀gùn tí kò gùn fún ọjọ́ pípẹ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó mú ẹfun ìkọ̀wé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya U sórí ilẹ̀ bí ó ṣe yà á fún bàbá rẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó tún un yà, ó pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ní, "Òun nìyẹn. Ó máa ń tẹ̀ sí òsì díẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n yà dáadáa nígbà yẹn." Mo fọ́ I mi. Mo to àfọ́kù bàbá rẹ̀ padà, mo wo ohun tí ọmọ yà, mo fi ṣe apá tó sọnù.

Sìmẹ́ńtì tuntun àti ti àtijọ́ kò bára mu láwọ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé hàn kedere. Mo ní kí n fi ọ̀dà bò ó.

"Fi í sílẹ̀," Màmá wí. "Ẹni tó bá bèèrè, wọ́n á sọ fún un pé ará Ìpo kan ló gé e, ará Ìpo náà ló sì lẹ̀ ẹ́."

"Màmá, n kì í ṣe ará Ìpo."

"Mo mọ̀. Etí ọ̀sà ni. O ti sọ ọ́." Òun nìkan ló gbọ́ ọ ní gbogbo Adó.

Kò pè mí ní "ẹ" mọ́. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń gbé abọ́ méjèèjì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Ó ń bi mí nípa ọ̀sà, nípa akàn, nípa ìyàwó mi àti bí ó ṣe máa ń bá mi wí. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù.

Ẹ kúulé

Ọmọ rẹ̀ dé láti Àbújá, obìnrin jẹ́jẹ́. Ó ya àwòrán ojú ilé náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a kò sì sọ. Wọ́n kó ẹrù sínú mọ́tò. Màmá fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn iwájú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, ó ní, "Ó dàbọ̀." Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo wo òkè kí ó má baà rí ojú mi. Àwọn kìnnìún ń rẹ́rìn-ín sí títì.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Àjàṣẹ́, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀sà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń bọ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kì í kí ilé mọ́ tí mo bá dé. Mo kàn máa ń ṣílẹ̀kùn wọlé bí olè. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí fóònù mi dún.

"Ọ̀gá, ṣé o ti dé ulé?"

"Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, Màmá."

"O ti kí wọn?"

"Kò sí ẹnì kankan nínú ilé tí mo fẹ́ kí."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. "Kí wọn," ó ní.

Mo ṣílẹ̀kùn. Inú ilé ṣókùnkùn, àga ìyàwó mi wà ní ibi tó máa ń wà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ohùn sókè.

"Ẹ kúulé o!"

"Káàbọ̀," ni Màmá Dọ́káàsì dáhùn nínú fóònù.

Mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé.